Ṣé Gbogbo Ìpínyà Ni Ó Burú?



Láti ọjọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù ti kéde pé a ó yọ apá kan lára ìjọ wa láti fi dá ìjọ titun sílẹ̀, ìkùnsínú ti pọ̀. Àwọn kan wí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, pé ẹni tí ó bá pín ìjọ ti fọ́ ọ. Àwọn tí a ó yọ sì ń bèèrè pé, kí ni àwọn ṣe tí a fi ń lé àwọn jáde? Ó yẹ kí a dáhùn: ǹjẹ́ gbogbo ìpínyà ni ó burú?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára kòkòrò oyin, èyí tí a ń fi ìda rẹ̀ ṣe àbẹ́là tí a ń tàn ní òru Àjíǹde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Buckfast, Brother Adam, ẹni tí ó kú ní ọdún 1996, sin oyin fún ohun tí ó lé ní 70 ọdún. Ní ilẹ̀ náà, òtútù a máa há oyin mọ́ inú ilé. Nígbà tí ìgbà ìrúwé bá dé, tí òdòdó sì tanná, ìyá oyin a máa yé ẹyin tí ó tó 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Láìpẹ́ ilé a há mọ́ wọn. Nígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò mọ yàrá tí wọn ó ti tọ́ ìyá titun. Kí ìyá náà tó jáde, bí ìdajì gbogbo wọn yóò jẹun yó nínú afárá, wọn ó sì ṣí lọ. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò rí olùtọ́jú ni kì í la ìgbà òtútù tí ó tẹ̀lé e já.

Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí ó jáde. Kì í ṣe ọmọ; ìyá àgbà ni. Ó fi ilé àti oúnjẹ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì jáde nínú yàrá rẹ̀.

Olùsìn oyin tí ó gbọ́n kì í dúró di ọjọ́ náà. Yóò gbé ìyá àgbà sínú àpótí titun, pẹ̀lú afárá mélòó kan tí ọmọ àti oúnjẹ wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí àpótí náà kò bá jìnnà, àwọn tí ó ti mọ ọ̀nà oko yóò fò padà sí ojúlé àtijọ́. Nítorí náà yóò gbọn ọ̀pọ̀ èwe oyin kún un, kí òtútù má baà pa ọmọ inú rẹ̀. Yóò sì fi sùúrù dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí ìyá titun yóò fi máa yé ẹyin nílé àtijọ́.

Oyin kan náà ni, ìpínyà kan náà sì ni. Ìyàtọ̀ wà nínú àkókò, àti nínú ohun tí a fi lé ẹni tí ń lọ lọ́wọ́. Ìpínyà tí a kò múra sílẹ̀ fún a máa di òfò. Èyí tí ìfẹ́ ṣètò a máa di ìbísí. Nígbà tí ilẹ̀ kò gba agbo Ábúráhámù àti ti Lọ́ọ̀tì mọ́, Ábúráhámù tí í ṣe àgbà ni ó ní kí ọmọ arákùnrin òun kọ́kọ́ yan.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a rán àwọn ará wa lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ẹgbẹ́ akọrin yọ̀ǹda àwọn olóhùn iyọ̀, kì í ṣe àwọn tí wọn kò fẹ́ mọ́. Kí àpò ìjọ ṣí. Kí ẹni tí ó ti pẹ́ ní ìjókòó iwájú bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun gan-an ni Ọlọ́run ń pè. Ọ̀rọ̀ yìí ń bá èmi náà wí. Bí Bíṣọ́ọ̀bù bá ní kí n lọ sí ibi tí kò tíì ní òrùlé, ẹ bá mi gbàdúrà kí n má ṣe kùn.

Kí Olúwa bùkún ilé tí ó dúró, kí ó sì bùkún ilé tí ń lọ. Àmín.

Àlùfáà yín