Àjàyí Òṣoògùn àti Ojú Tí A Fi Ń Wo Èèyàn

"Ẹ̀rù èèyàn ló ń bà mí." Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìkíni láàárín wa. Bí a bá ròyìn fún ọ̀rẹ́ wa pé ẹnì kan ṣe wá lóore, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi wá ni pé kí ni onítọ̀hún ń wá. Àwọn òbí náà ti ń fi kọ́ ọmọ. N kò ní jiyàn pé ojú wọn kò rí nǹkan. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ohun tí ó dùn mí ni pé à ń pe sísá yẹn ní ọgbọ́n, a sì ń wo ẹni tí kò bá sá bí òmùgọ̀. Àwọn baba wa tó ní kí ọmọlúàbí máa ro rere sí ọmọnìkejì rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀.

Ta ni ó yẹ kó bẹ̀rù èèyàn ju Àjàyí ọmọ Òṣoògùn lọ, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther? Ní 1821, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá lọ, ogun kó ìlú rẹ̀. Kì í ṣe àjèjì nìkan ló kó o. Ọmọ Ọ̀yọ́ wà nínú wọn, èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é ni wọ́n ń sọ. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tún tà á lẹ́yìn ìyẹn, títí tí wọ́n fi gba ọtí àti tábà lé e lórí. Ó tiẹ̀ dé ibi tí ayé fi sú u pátápátá.

Ní Èkó, wọ́n so àgbà àti ọmọdé pọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n gígùn kan, tí ó gba inú irin ọrùn kálukú wọn kọjá. Bí inú bá bí àwọn àgbà, wọn a fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn àwọn ọmọdé a sì bó. Bí ó bá di òru, wọn a tún fà á mọ́ra kí wọ́n lè rí oorun sùn, àwọn ọmọ kò sì ní lè mí dáadáa. Ibí yìí ló máa ń ká mi lára jù nínú ìtàn náà, nítorí pé ẹrú bíi tirẹ̀ ni àwọn tó ń fún un lọ́rùn. Ìyà lè sọ ẹni tí a ń jẹ níyà di ìkà. Nígbà tí Àjàyí kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní 1837, kò bo ohun tí wọ́n ṣe, kò sì gbé wọn ṣépè.

Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, tí Henry Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, mú ọkọ̀ ẹrú Pọtogí tí Àjàyí wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé inú àwọn ọmọ náà dùn? Ẹ̀rù ni wọ́n fi wọ inú ọkọ̀ ogun náà. Wọ́n rí ẹran tí a fi kọ́, wọ́n ṣebí ẹran èèyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá tí a tò jọ, wọ́n ní orí àwọn tí a ti pa ni. Ṣùgbọ́n wọ́n sún mọ́ ẹran náà, wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rọra lọ síbi ọta, wọ́n rí i pé irin ni.

Àjàyí fura, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí. Ó lọ wò ó, síbẹ̀. Ìfura tiwa lónìí kì í lọ wò. Ibi tó bá jókòó sí ló ti ń dájọ́. Bí mo bá ní kí a máa rí rere lára èèyàn, n kò ní kí a di ojú. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a sún mọ́ èèyàn tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe sún mọ́ ẹran àti ọta náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, nígbà tí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, Leeke, ẹni tí wọ́n bẹ̀rù ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wà níbẹ̀, ó ti darúgbó. Obìnrin tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà nígbà tó kọ́kọ́ dé Sàró (Sierra Leone) lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ní ti ìrètí, Crowther kò ṣe bí ẹni tí tirẹ̀ kò tán rí. Ní oṣù Kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlà, fojú kanra lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá náà ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti sọ ìrètí nù pé òun tún lè rí i. Síbẹ̀, ní gbogbo ọdún tí kò retí ìyá rẹ̀ mọ́, kò ṣíwọ́ iṣẹ́ rere láàárín ọmọ ìyá ẹlòmíràn. Irú ìrètí tí mo gbà pé ó yẹ ọmọlúàbí nìyẹn: ọkàn lè rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í dẹ̀.

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ le. Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì wá sí Odò Ọya, níbi tí ó ti ń ṣe bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn dànù. Ó jẹ́ òótọ́ pé àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà jẹ̀bi; kò yẹ kí a bo ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ti dájọ́ kí wọ́n tó sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n rí ìwà àwọn díẹ̀, wọ́n fi í lé gbogbo aláwọ̀ dúdú lórí. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà ní Onitsha lóṣù Kẹjọ 1890, wọ́n sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún bí ẹni ń bá ọmọdé wí, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Ìtara wọn fún ẹ̀sìn pọ̀, n kò sẹ́ ẹ. Lórí ìwọ̀n ọmọlúàbí, wọ́n fúyẹ́.

Crowther kò bá wọn fa ìbínú. Ó dúró ti àwọn ìjọ ẹkùn Dẹ́tà Odò Ọya, tí wọ́n ti pinnu pé owó ara àwọn ni àwọn yóò fi máa bọ́ òjíṣẹ́ àwọn. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Ní 1892, Niger Delta Pastorate bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọmọ rẹ̀, Dandeson: wọ́n ń dá bùkátà ara wọn gbé, wọn kò sì ya kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ń ṣe.