Amí Inú Sinimá: Èwo Ló Dára?

Àwọn ọmọ ilé-kéú wa bi wá lọ́jọ́ kan pé, "Áfà, ṣé ó burú kí a máa wo sinimá àwọn amí?" A rẹ́rìn-ín, nítorí pé àwa náà ti wo díẹ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 1962 tí wọ́n ti gbé James Bond jáde ní sinimá ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé ìbọn àti ọkọ̀ asáré ni iṣẹ́ amí. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí a bá ti dìde níwájú rẹ̀, ó tán nìyẹn.

Èyí tí àwa kà sí ojúlówó ni The Lives of Others, tí àwọn ará Jámánì ṣe ní ọdún 2006. (Ìran wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ ọmọdé o, kí òbí kọ́kọ́ wò ó.) Ní Ìlà-Oòrùn Berlin ọdún 1984, Wiesler, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Stasi, jókòó lórí àjà, ó fi ẹ̀rọ bo etí, ó ń gbọ́ ohun gbogbo tí òǹkọ̀wé eré kan àti olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ nínú ilé wọn. Kò sí ìjà ìbọn, síbẹ̀ àyà wa ń já. Nígbà tó yá ni ó mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ààbò ìlú ni wọ́n fi rán òun: mínísítà kan ló ń fẹ́ obìnrin náà.

Ibi tí ó wọ̀ wá lára jù ni inú ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè ilé. Ọmọdé kan tí ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra bi Wiesler bóyá lóòótọ́ ló wà lára àwọn Stasi, nítorí bàbá òun ní ènìyàn burúkú ni wọ́n, wọn a máa ju ènìyàn sẹ́wọ̀n. Wiesler lanu láti bèèrè orúkọ. Gbogbo wa ti mọ̀ pé orúkọ bàbá ni ó fẹ́ gbọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bèèrè orúkọ bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí padà lẹ́nu rẹ̀, ìdílé kan sì yọ.

Ẹ̀sìn wa kọ̀ fún wa láti máa yọjú sí àṣírí ẹlòmíràn. Àwa tí a ń wo sinimá yìí ńkọ́? Àwa náà ti bá Wiesler jókòó lórí àjà, a ti fetí sí ọ̀rọ̀ inú yàrá onílé. Sinimá amí tí kò bá jẹ́ kí ojú ti òǹwòran fún èyí, eré ọmọdé ni lójú tiwa.

Wiesler bẹ̀rẹ̀ sí kọ irọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ láti fi bo àwọn ẹni náà láṣìírí. Kò sí ẹni tó yìn ín. Obìnrin náà kú, wọ́n sì rán Wiesler lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan, kí ó máa ṣí lẹ́tà onílẹ́tà.