Àwòrán àti Òtítọ́

Ẹni tí ó bá ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà yóò rí i pé àpáta tí ó ń dán lókèèrè a máa ní ihò àti koríko lára bí a bá sún mọ́ ọn. Àkùngbá yìí ni Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà. Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá pé jọ sí irú ibẹ̀ láti kọ́ nípa máíkírósíkóòpù, awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá, mo fẹ́ kí wọ́n bi ara wọn pé: ṣé irọ́ ni àwòrán tí a pa láró?

Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara ni kò ní àwọ̀ tí ojú lè tètè rí. A sábà máa ń pa wọ́n láró kí awò lè fi wọ́n hàn dáradára.

Lójú tèmi, aró kì í ṣe irọ́. Aláró kò sọ pé bí òwú ṣe hù nìyẹn. Ẹni tí ó bá kun àwòrán, tí ó sì sọ ohun tí ó ṣe, olóòótọ́ ni. Ẹni tí ó bá pa ibi tí kò bá èrò rẹ̀ mu rẹ́, tí ó sì dákẹ́, òpùrọ́ ni, bí awò rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ gaara.

Awò kò lè fún ni ní ìwà. Ilé ni a ti ń mú un wá.