Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Ìdúró?

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo: olórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ọjọ́ ń lọ mọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sún apá kan síwájú. Ta ni yóò wá ru ẹrù ìdúró náà? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí HealthCare.gov, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ fún adójútòfò ìlera. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣí, ó ń mẹ́hẹ. Ti èdè Sípáníìṣì di oṣù Kejìlá. Bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn Látínò ni àìní adójútòfò ti pọ̀ jù nígbà náà. Sísún iṣẹ́ síwájú lè jẹ́ ọgbọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a máa di ẹrù náà ru ẹni tí kò sí níbi ìpàdé nígbà gbogbo. Kí olórí tó buwọ́ lu ìpinnu, ó yẹ kó lè dárúkọ ẹni tí yóò dúró, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un lójúkojú.