Eré Tí Kò Ní Ọ̀ta, Tí Kò Ní Ọ̀pẹ

Nídìí ọpọ́n ayò, bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á di ọ̀ta, ẹnì kejì á di ọ̀pẹ. Ohun tí àwọn méjèèjì ń lé ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Eré tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ nínú rẹ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n ń ṣe é fún?

Irú eré bẹ́ẹ̀ ni Algodoo. Emil Ernerfeldt ló ṣe é sórí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àṣekágbá oyè másítà ní Yunifásítì Umeå, lórílẹ̀-èdè Súwídìn. Phun ló ń jẹ́ nígbà tó jáde lọ́dún 2008. Lọ́dún 2009 ni ilé iṣẹ́ Algoryx gbé e jáde lórúkọ Algodoo. Ọmọ á ya òbìrìkítí, á ya àpótí, á ta okùn, á da omi sí i. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì, ohun tó wúwo á já bọ́, omi á ṣàn, òbìrìkítí á máa yí gbirigbiri. Kò sẹ́ni tó máa fún un ní máàkì.

Ó rọrùn láti rò pé òmìnira ni adùn rẹ̀. Àmọ́ bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń pa òòfà ilẹ̀. Kí ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó wà lókè á dúró sókè. Táyà á máa yí, ọkọ̀ kò ní lọ, nítorí kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀nà. Afárá tó fi sùúrù kàn kò wó, ṣùgbọ́n kò gbé nǹkan kan mọ́. Níbi tí nǹkan kò ti lè já bọ́, pákó gbalaja lásán ni afárá. Ìwúwo tó ń fẹ́ wó o náà ló sọ ọ́ di afárá.

Síbẹ̀, òòfà ilẹ̀ kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó kan afárá. Kò fẹ́, kò kọ̀. Fífà ni tirẹ̀. Ọmọ ló fẹ́ kí ọkọ̀ kọjá. Ibi tí ìfẹ́ ọmọ ti pàdé òfin tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni ni ìtumọ̀ ti ń hù.

Ẹnì kan lè ní: bọ́tìnnì kan ló máa dá ohun tó wó padà, níbi tí àdánù kò sí, ìtumọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Afárá ló ń padà. Ohun tí ọmọ mọ̀ nígbà tó wó kì í padà.

Ẹ wá wo èyí tó ta kókó jù. Afárá ń wó léraléra. Ọmọ bá dín òòfà ilẹ̀ kù sí ti òṣùpá, bí ìdá kan nínú 6 ti ayé. Ọkọ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́. Ṣé ó ti ṣe é? Bó bá jẹ́ pé bí nǹkan ṣe ń rí lórí òṣùpá ló fẹ́ mọ̀, ó ti rí èsì. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá afárá náà á gba ọkọ̀ láyé níbí, ara rẹ̀ ló rẹ́ jẹ, kò sì sí adájọ́ tó máa fọn fèrè. Ìrẹ́jẹ wà nínú eré tí kò ní ọ̀ta, nítorí ìbéèrè tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ bi ti di òfin lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì tíì bi ara rẹ̀ ní nǹkan kan kò tíì bẹ̀rẹ̀ eré, bó ti wù kó pẹ́ tó nídìí kọ̀ǹpútà.