Ta Ni Ó Kù Lẹ́yìn Ọgbà?

Ibi kíkà: Sekaráyà 8, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 10



Nígbà tí wòlíì Sekaráyà ń sọ bí Jerúsálẹ́mù yóò ti rí nígbà tí Olúwa bá padà sí i, ohun méjì ni ó fi ṣe àmì: àwọn arúgbó tí ó jókòó ti àwọn ti ọ̀pá lọ́wọ́ wọn, àti àwọn ọmọdé, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ń ṣiré ní ìgboro. Ẹ kíyèsí i pé wòlíì náà kò ka eré sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn kan ń bẹ nínú àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n rò pé kò yẹ kí onígbàgbọ́ máa rẹ́rìn-ín púpọ̀. Àwa kò rí èyí kà nínú Ìwé Mímọ́. Nítorí náà, ní àkókò ìsinmi tí ó kọjá, a gba ọkọ̀ méjì, a sì kó àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa ní Igando lọ sí ọgbà ìṣiré ńlá kan ní Èkó.

Ayọ̀ ọjọ́ náà pọ̀. Àwọn ọmọ gun ẹṣin onígi tí ń yí po; wọ́n wọ ọkọ̀ kékeré tí ń sáré lórí irin, tí ó ń gun òkè tí ó sì ń já wálẹ̀ lójijì; àwa pàápàá, pẹ̀lú kọ́là àlùfáà lọ́rùn wa, wọ kẹ̀kẹ́ gìrìwò tí ń yí, tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí òkè réré. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, a lọ sí ibi oúnjẹ. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà níbẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn Wolof ní Senegal wá. Súyà àwọn Hausa wà níbẹ̀, àti písà àwọn ará Ítálì, àti ìrẹsì dídín ti àwọn ará Ṣáínà, àti ṣáwámà tí ó ti ìhà Síríà àti Lẹ́bánónì wá, ní àdúgbò ilẹ̀ tí àwọn àpọ́sítélì rìn. Ọmọ kan bi wá léèrè bí ó bá tọ́ kí ọmọ Yorùbá máa jẹ oúnjẹ àjèjì. A bi í pé, gààrí ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gààrí, àgbàdo tí a fi ń ṣe ògì, ata rodo tí a fi ń se ọbẹ̀, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ àwọn Pọtogí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná etí òkun wa. Ohun tí ó jẹ́ àlejò nígbà náà ti di ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìran tí Pétérù rí ní Jọ́pà. A sọ aṣọ ńlá kan kalẹ̀ láti ọ̀run, oúnjẹ tí kò fẹ́ fi ẹnu kàn sì wà nínú rẹ̀. Bí ó ti ń rò ó lọ́kàn rẹ̀ kí ìran náà lè jẹ́, àwọn ìránṣẹ́ Kọ̀nélíù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ó wọ̀ sí. Ọ̀ràn oúnjẹ rọrùn. Ọ̀ràn ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ìdánwò gidi.

Lẹ́nu ọ̀nà yìí ni àwa ti ṣubú, ẹ̀yin ará, ó sì yẹ kí a jẹ́wọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ wa ti ń kọjá lẹ́bàá ààtàn Solous, èyí tí gbogbo ará Igando mọ̀, ọmọ kan nàka láti ojú fèrèsé, ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, ọmọ kíláàsì wa nìyẹn.” A wò, a sì rí ọmọkùnrin kan, bí ọmọ ọdún 10, tí ó gbé àpò kọ́ èjìká, tí ó ń ṣa ike láàrin pàǹtírí. Ọmọ inú ọkọ̀ náà tún ní, “Ṣé kò ní bá wa lọ ni?” A kò dá a lóhùn. Orúkọ ọmọ orí ààtàn náà wà nínú ìwé wa. Àwa fúnra wa ni a sì kọ ìkéde tí a lẹ̀ mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni tí kò bá san owó kò ní wọ ọkọ̀.

Nígbà tí a dé òkè kẹ̀kẹ́ gìrìwò nì, ọ̀ràn ọmọ yìí kò kúrò lọ́kàn wa, a sì rántí ohun kan tí a ti kà. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó kọ́kọ́ lókìkí káàkiri ayé ni èyí tí ọ̀gbẹ́ni George Ferris kọ́ sí ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, fún àfihàn ńlá ti ọdún 1893. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 264. Yàrá 36 ni a so mọ́ ọn, yàrá kọ̀ọ̀kan sì gba ènìyàn 60. Ní òpópó kan náà tí kẹ̀kẹ́ yìí dúró sí, a kọ́ abúlé kan, a sì kó àwọn ará Dahomey sínú rẹ̀, àwọn aládùúgbò wa ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, kí àwọn tí ó wá gbádùn lè máa wò wọ́n. Àwọn kan ń lọ sókè pẹ̀lú ẹ̀rín; àwọn kan wà nísàlẹ̀ tí a sọ di ìran wíwò. A bínú nígbà tí a kà á. Ṣùgbọ́n kí ni a fi sàn jù wọ́n lọ, àwa tí a wo ọmọ ìjọ wa láti ojú fèrèsé ọkọ̀, tí a sì kọjá lọ? Àlùfáà àti ọmọ Léfì tí ó gba ọ̀nà Jẹ́ríkò kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí ilé ìyá ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì gbé àga fún wa. A bi í pé èéṣe tí kò fi wá sọ fún wa pé owó kò sí. Ó dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ti kọ ọ́ sára ògiri. Mo mọ̀wé kà díẹ̀, ohun tí ẹ sọ sì yé mi.” Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, èyí ni ó sì dùn wá jù lọ.

Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèǹgbè. Owó tí ọwọ́ ọmọ náà kò tó, ó wà nínú àpótí ìjọ; ohun tí ojú àwa àgbà kò sì rí, ọmọdé ni ó rí i láti ojú fèrèsé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ ọgbọ́n lára àṣìṣe wa. Nígbà tí Mósè ń fi òfin àjọ̀dún lélẹ̀ nínú Deuteronómì 16, kò béèrè ẹni tí ó lówó lọ́wọ́. Ó ka ọmọ, ó ka ìránṣẹ́, ó ka àlejò, aláìníbaba àti opó, pé kí gbogbo wọn jọ yọ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ ná, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Bí orúkọ kan bá sọnù nínú ìwé yín, ẹ má ṣe dúró títí òun yóò fi wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ lọ wá a dé ilé. Ohun tí ìjọ bá sì san fún un, kí ó wà ní ìkọ̀kọ̀, kí ojú má ba à ti ọmọ náà láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

A ti ya ìkéde nì kúrò lára ògiri. Orúkọ ọmọ náà ni ó ṣáájú nínú ìwé ti ọdún tí ń bọ̀. Ó sì ti sọ fún wa pé kẹ̀kẹ́ gìrìwò ni òun yóò kọ́kọ́ gùn.

Kí Olúwa tí ó gbé àwọn ọmọdé sí apá rẹ̀ kí ó dárí jì wá, kí ó sì kọ́ wa láti máa ka iye àwọn tí ó kù lẹ́yìn ọgbà kí a tó jókòó ti oúnjẹ. Àmín.