Ẹ Bá Mi Dúpẹ́ Nítorí Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ tí mo gbé wá kọjá kí n kàn wí pé "Ọlọ́run ṣeun" kí n sì lọ jókòó. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọlọ́run ló yọ èmi àti ìyá mi nínú èéfín tó fẹ́ pa wá mọ́lé nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ọwọ́ ènìyàn ló sì lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lò, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Ẹnìkan wà lára wọn tó ti kú kí wọ́n tó bí mi, ní ìlú tí n kò dé rí. Gbogbo wọn ni mo fẹ́ ròyìn oore wọn lónìí.

Igbóbì ni à ń gbé, ní Ṣómólú, lápá ibi tó sún mọ́ Fádéyì, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo mọ́tò Ikorodu Road tọ̀sán-tòru. Ilé alájà mẹ́ta ni. Àwa wà lókè pátápátá, tọkọtaya kan àti ọmọ ọwọ́ wọn wà láàárín, ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀. Pépà ìtẹ̀wé ló kún inú ṣọ́ọ̀bù náà, òun àti íǹkì pẹ̀lú epo tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ. Ta ni yóò rí i ní Ṣómólú tí ẹnu yóò yà? Ìtẹ̀wé ni gbogbo Nàìjíríà fi mọ Ṣómólú. Èmi fúnra mi, ìwé ni mo ń dì jẹun. Màámi kò lè sáré. Wọ́n ṣubú, itan wọn dá, ilé ìwòsàn eegun Igbóbì ni wọ́n ti bá wọn tò ó, ilé ìwòsàn tó ti wà láti 1945, tó jẹ́ pé nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ọpẹ́ mi sí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò lè tán. Màámi ń rìn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn.

Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa. Gbogbo fèrèsé ló ní irin, nítorí olè. Bí ẹ bá délé, ẹ wo ilé tiyín náà.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọkọ̀ ojú omi ló ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà kan tó wá kí wa, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó wo ìsàlẹ̀, ó wo irin fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí iná bá sọ nísàlẹ̀ yìí lóru, ibo lẹ máa gbé Màámi gbà?" N kò rí èsì fún un. Ó wá ṣàlàyé pé nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá, òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní SOLAS ti sọ ọ́ di dandan láti 2002 pé kí ìbòrí tó ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀ wà ní àrọ́wọ́tó àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí ènìyàn lè fi mí fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, kó fi rí ọ̀nà jáde. Ìyẹn tóbi, sílíńdà wà lára rẹ̀. Oríṣi mìíràn wà tó kéré, tí a lè fi kọ́ ara ògiri nínú ilé. Kò ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú yàrá ló máa ń sẹ́, kí májèlé má bàa bá a wọlé. Irú èyí ló rà fún wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan fún Màámi, ọ̀kan fún mi.

Kò kàn gbé e fún wa kó máa lọ. Ó jókòó tì wá, ó kọ́ wa bí a ó ṣe ya ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, bí a ó ṣe fi ọwọ́ méjèèjì fẹ ọrùn rẹ̀ kí a tó fà á wọ orí. Ó ní kí a kọ́kọ́ bọ́ gèlè, kí a má jẹ́ kí irun há sí ọrùn rẹ̀, nítorí ibi tí irun bá há sí ni èéfín yóò gbà wọlé. Ó tún wá sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ní, "Bí ẹ bá ń mí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbóná, ẹ má bọ́ ọ o. Ó ń ṣiṣẹ́ ni." Màámi ní kó tún un sọ. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, Màámi kò jẹ́ kí n gbàgbé. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń bi mí ní ẹ̀kọ́ náà léèrè bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní katikísìmù, wọn yóò sì ní kí èmi náà bi àwọn.

Lóru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ náà, wọ́n mú iná mànàmáná wá. Ẹ mọ bí iná ṣe máa ń wọlé nígbà mìíràn, tí gílóòbù yóò tàn ju bó ṣe yẹ lọ. Wáyà ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ kò gbà á. Èmi kò gbọ́ ariwo kankan. Òórùn ló jí mi, òórùn ike tó ń jó, tó ń ta ènìyàn lọ́fun. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, n kò rí ògiri. Ìmọ́lẹ̀ náà kò kọjá ọwọ́ mi. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fi àyà lélẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èéfín kò tíì dé ilẹ̀ tán, mo ṣì rí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Màámi. Mo rá dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti jí, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n sì ti na ọwọ́ sí ìṣó tí a fi àwọn ìbòrí náà kọ́. N kò sọ fún wọn. Ọwọ́ wọn ti mọ ọ̀nà. Mo wọ tèmi, mo bá wọn wọ tiwọn.

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Kò gbóná. Ká ní ó gbóná ni, inú yàrá là bá wà. A jáde sórí àtẹ̀gùn, òkùnkùn biribiri. Inú ṣọ́ọ̀bù ni iná ti ń jó, ògiri sì wà láàárín àwa àtòun, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ti fi àtẹ̀gùn ṣe ọ̀nà òkè. Màámi jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fi ìdí wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi wà níwájú wọn, mo di ẹsẹ̀ tí wọ́n tò náà mú. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí gbẹ, ó sì ń gbóná sí i. Láàárín ọ̀nà, Màámi gbé ọwọ́ sí ọrùn, wọ́n fẹ́ fa ìbòrí yọ. Mo gbá ọwọ́ wọn mú, mo pariwo láti inú tèmi pé, "Ó ń ṣiṣẹ́ ni!" Wọ́n gbọ́. Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá bọ́ ọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni ǹ bá máa bá yín sọ lónìí.

Ọlọ́run kò gbàgbé àwọn ará àárín. Wọn kò ní ìbòrí, irú èyí tí a ní kò sì bá ọmọ ọwọ́ mu. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pa ilẹ̀kùn yàrá dé, wọ́n fi aṣọ tútù dí abẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ lọ sójú fèrèsé, wọ́n ń ké sí aráyé. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò gbé àkàbà wá. Ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà ní orígun òpópónà wa gbé irin tó fi ń ṣí táyà wá. Àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí, tí àwa ìyá máa ń bú pé wọ́n kàn ń jókòó kiri, wọ́n ya irin fèrèsé náà kúrò lára ògiri. Ìyá jáde, ọmọ jáde. Bàbá ọmọ ló gbẹ̀yìn. Èéfín ti wọ̀ ọ́ lára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, kò mọ ibi tó wà. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó yè! Àwọn panápaná dé, wọ́n pa iná náà kó tó gun òkè. Kò sí ẹni tó kú nínú ilé wa. Halelúyà!

Dókítà tó tọ́jú bàbá ọmọ náà ló là mí lójú. Iná kò jó ọkùnrin náà níbì kankan, síbẹ̀ ó ń kú lọ. Ó ní gáàsì kan wà nínú èéfín tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbé ọ́síjìn lọ sí ọpọlọ yóò wá máa gbé májèlé kiri. Bí fóòmù bẹ́ẹ̀dì àti ti àga bá ń jó, cyanide náà tún ń bá èéfín jáde. Aṣọ tútù tí a fi ń bo imú kò lè dá carbon monoxide dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń kú sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí iná ṣì wà ní yàrá kejì. Nínú ìbòrí tiwa, èròjà kan wà tí wọ́n fi manganese àti kọ́pà ṣe, òun ló ń sọ gáàsì yìí di carbon dioxide, irú èyí tí àwa náà ń mí síta. Iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn ló ń mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná.

Ẹ rántí iná Afriland Towers ní Broad Street, ní Èkó, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án, 2025. Ọ̀sán ni, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Yàrá ínfátà nísàlẹ̀ ilé ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Ilé náà kò wó. Èéfín ló gun òkè bá àwọn òṣìṣẹ́, títí àwọn kan fi ń bẹ́ láti ojú fèrèsé. Ènìyàn 10 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Àwọn náà ní ìyá, wọ́n gbàdúrà kí wọ́n tó kúrò nílé láàárọ̀. Èmi kò sàn jù wọ́n lọ níwájú Ọlọ́run. Bí mo bá ń dúpẹ́, mo ń rántí wọn.

Arákùnrin kan tí mo kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ìbòrí kúrò nínú ẹ̀rí mi, kí ògo lè jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ọlọ́run ló gba Nóà là, igi ni Nóà sì fi kan ọkọ̀. Bí mo bá fi ohun tí Ọlọ́run lò pamọ́, ọ̀nà tí ẹlòmíràn ìbá gbà yè ni mo ń dí.

Ní báyìí, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí n kò rí rí. Garrett Morgan ni orúkọ rẹ̀. Ní 1877 ni wọ́n bí i ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí rẹ̀ sì ti jẹ́ ẹrú rí, ìran àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó kọjá òkun. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe jẹun. Ó ṣàkíyèsí pé nínú ilé tó ń jó, èéfín a máa gòkè, afẹ́fẹ́ tó dára a sì máa kù nílẹ̀. Ó wá ṣe ìbòrí kan tí ó so túùbù gígùn mọ́, tí ẹnu rẹ̀ dé ilẹ̀, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè máa fa afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ símú. Ní 1914, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, òyìnbó ló ń háyà láti bá a polówó rẹ̀ ní gúúsù. Nígbà tó di 1916, gáàsì bú nínú ihò tí wọ́n ń gbẹ́ sábẹ́ adágún Erie ní Cleveland, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọlé lọ gba àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ là kò jáde. Morgan àti arákùnrin rẹ̀ wọ ìbòrí náà, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé ènìyàn jáde láàyè. Wọn kò fún un ní iyì tó tọ́ sí i nígbà náà. Ó kú ní 1963. Láti Igbóbì, èmi adìwé, mo ní: Bàbá, ẹ ṣeun.

Lẹ́yìn iná Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017, tó pa ènìyàn 72, ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí àwọn panápaná ní irú ìbòrí yìí lọ́wọ́, kí wọ́n lè fi wọ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ mú kọjá nínú èéfín. Mo bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn panápaná tiwa, tí wọ́n ń fi ẹ̀mí ara wọn wewu nítorí wa.

Ẹ̀yin onílé, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi irin fèrèsé yín sílẹ̀ nítorí olè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wẹ́dà sọ ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan di èyí tó ṣeé ṣí látinú ilé, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níbi tí ọmọdé mọ̀. Bí iná bá sọ, ẹ má padà wọlé nítorí tẹlifíṣọ̀n tàbí owó. Ẹ pe 112 tàbí 767. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbòrí, kó wo ara ìbòrí náà dáadáa bóyá wọ́n kọ àmì ìlànà EN 403 síbẹ̀, kó wo ọdún tí yóò bàjẹ́, kó má fi owó ra ọ̀rá lásán. Ìbòrí yìí kò sì wà fún pé kí ènìyàn jókòó nínú èéfín, tàbí kó wọlé lọ paná. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Jíjáde ni ó wà fún.

Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ kò kéré, ọ̀pọ̀ wa kò sì lè dá a rà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti fẹnu kò pé ká máa dá àjọ rẹ̀, kí a máa rà á ní ilé kọ̀ọ̀kan, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ní arúgbó tàbí aláìlera lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, kó wá rí mi lẹ́yìn ìsìn.